Ẹ Má Gba Báírò Lọ́wọ́ Ọmọ

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn òbí àti olùkọ́ ilẹ̀ Ìbàràpá

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó ń gbọ́ wa ní Èrúwà, Láńlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, títí dé gbogbo abà tó yí ìlú méjèèje ká, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwé méjì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. Ìwé ọmọ ilé ìwé ni, irú èyí tí a ń rà lọ́jà Tówóbowó. Olùkọ́ obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Igbó-Ọrà ló fi wọ́n hàn mí. Ẹ mọ̀ pé ní Igbó-Ọrà, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn wọ kíláàsì kan kó má bá ìbejì níbẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé tó wà ní kíláàsì olùkọ́ yìí jọra débi pé ìyá wọn gan-an máa ń ṣi orúkọ wọn pè. Mo bi olùkọ́ náà pé, “Ẹ̀yin mà, báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?” Ó ní, “Bí n bá wo ojú wọn, n ò lè mọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ̀wé, mo ti mọ̀.”

Ó wá ṣí ìwé méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n dà kọ, láti ojú pátákó kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Táíwò máa ń tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo fi ìka pa ẹ̀yìn ojú ìwé rẹ̀, lẹ́tà ń kọ́ mi níka bí ẹni pé wọ́n fín in. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ti Kẹ́hìndé fúyẹ́, ó fì sápá ọ̀tún, ìrù “g” rẹ̀ sì ká kò bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Inú kan ni wọ́n ti jáde, ọbẹ̀ kan ni wọ́n ń jẹ, ẹnì kan ló kọ́ wọn ní A-B-D. Síbẹ̀ oníkálùkù ti ní ọwọ́ tirẹ̀, wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sargur Srihari àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Buffalo, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ìbejì. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó máa dá ọwọ́ wọn mọ̀. Ó ṣàṣìṣe lórí ìbejì ju lórí àwọn tí kì í ṣe ìbejì lọ, pàápàá lórí àwọn ìbejì tó jọra jù, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ó dá ọwọ́ Táyé mọ̀ yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Bí ẹ bá wá ní kí àwọn ìbejì inú kíláàsì olùkọ́ wa yìí tẹ gbólóhùn yẹn sórí fóònù, ohun kan náà ni yóò jáde lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kò ní sí Táíwò níbẹ̀, kò ní sí Kẹ́hìndé.

Ìdí tí mo fi gbé ìwé méjì yìí wá sí etí yín ni pé ìbéèrè kan ń lọ láàárín àwọn òbí báyìí. Wọ́n ní ṣé ó tún yẹ kí ilé ìwé máa fi àkókò ṣòfò lórí ọwọ́ kíkọ, nígbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ti gba ayé? Baba kan ní Èrúwà sọ fún mi pé, “Ta ló tún ń kọ̀wé? JAMB gan-an, kọ̀ǹpútà ni.” Òótọ́ ni baba sọ. Ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, nígbà tó fi di 2015 wọ́n ti pa ti orí ìwé tì pátápátá. Ní ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé WAEC àti NECO náà yóò kó lọ sórí kọ̀ǹpútà. Òbí tó bá rí gbogbo èyí tó ní kí ọmọ òun lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kò jẹ̀bi. Ó yẹ kí ọmọ Ìbàràpá mọ kọ̀ǹpútà lò. Bí ìdánwò bá wà lórí kọ̀ǹpútà, tí ọmọ ilé ìwé wa sì jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan án, a ti rẹ́ ẹ jẹ kó tó jókòó.

Àwọn ìlú òkèèrè náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ní ọdún 2010, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà gba ìlànà ẹ̀kọ́ kan wọlé, wọn kò fi lẹ́tà tí a so pọ̀ mọ́ra sínú rẹ̀. Finland náà yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó pọn dandan ní 2016. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: ní 2023, ìpínlẹ̀ California, níbi tí Google àti Facebook fìdí kalẹ̀ sí, ṣe òfin pé kí wọ́n tún máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní lẹ́tà tí a so pọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Sweden ní kí ilé ìwé padà sí ìwé títẹ̀ àti ọwọ́ kíkọ fún àwọn ọmọ kéékèèké, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹ̀rọ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Àwọn tó ní ẹ̀rọ jù wá lọ ló ń padà sẹ́yìn wá mú pẹ́ńsù.

Èrò tèmi kò fara pamọ́. Kí ilé ìwé máa kọ́ ọwọ́ kíkọ, kí wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ́wọ́lọ́wọ́ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òyìnbó ló gbé ọwọ́ kíkọ dé ilẹ̀ wa, pé bó ṣe dé náà ló ṣe lè lọ. Ẹ wo babaláwo nídìí ọpọ́n. Yóò da ìyẹ̀rosùn sójú rẹ̀, yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, yóò wá máa fi ìka tẹ odù sí i, ẹyọ kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, títí ojú odù yóò fi pé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò wò ó, yóò sì pe orúkọ rẹ̀. Kí ni a ń pe ìyẹn bí kì í bá ṣe ìkọ̀wé? Ẹ wo ilé kéwú. Kí ilé ìwé ìjọ Ọlọ́run tó dé ilẹ̀ Ìbàràpá ni àwọn ọmọ kéwú ti wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tó ń di kálámù mú, tó ń tì í bọ inú tàdáwà, tó ń kọ súrà sórí wàláà. Bí ọmọ bá ti há a sórí, wọn a fọ wàláà, wọn a kọ òmíràn sí i. Orí wa kò mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ wa tó mọ̀ ọ́n. Orí àti ọwọ́ jọ ń kọ́ ọ pọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni síléètì dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé lọ́dún náà lé ní 800,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú ohun ìkọ̀wé dání nínú ìdílé wọn. Àwọn bàbá àti ìyá àgbà wa tó ń gbọ́ mi lálẹ́ yìí rántí bí wọ́n ṣe ń fi itọ́ nu síléètì nígbà tí olùkọ́ bá ti yíjú sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé náà kò ṣàìmọ orírun yìí. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama lọ́dún 2013, tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sínú rẹ̀, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi títí dòní. Ohun tí mo kàn fẹ́ fi kún un ni pé ojú ọpọ́n tòótọ́ kì í dá nǹkan kan kọ. Ó ń dúró de ìka ni.

Kí ni ọwọ́ kíkọ ń ṣe fún ọmọ gan-an? Ní ọdún 2012, Karin James, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Yunifásítì Indiana, kó àwọn ọmọ ọdún márùn-ún jọ, àwọn tí wọn kò tíì mọ̀wé kà. Ó ní kí wọ́n ṣe lẹ́tà lọ́nà mẹ́ta. Nígbà mìíràn wọn a fi ọwọ́ ya á fúnra wọn. Nígbà mìíràn wọn a tọ ojú àmì tó-tó-tó tí wọ́n ti ya sílẹ̀ fún wọn. Nígbà mìíràn wọn a tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn èyí ló fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń wo àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn. Lẹ́tà tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ló ta ibi tí àgbàlagbà fi ń kàwé nínú ọpọlọ jí. Èyí tí wọ́n tẹ̀ àti èyí tí wọ́n tọ ojú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó ti kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kò ní pẹ́ lóye ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ “a” máa ń ya á wọ́gọwọ̀gọ. Ti àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ tóbi. Ìkejì kò ní ìrù. Ìkẹta dojú bolẹ̀. Títí yóò fi kọ ogún, ó ti rí ogún irú “a”, ó sì ti mọ̀ pé “a” ni gbogbo wọn, kò sì ní ṣì í mú fún “d” mọ́. Ọmọ tó tẹ bọ́tìnnì, “a” kan ṣoṣo ló rí, ẹ̀rọ ló sì ya á fún un.

Ní 2024, Audrey van der Meer àti Ruud van der Weel ní ìlú Trondheim, ní orílẹ̀-èdè Norway, tẹ tiwọn náà jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ni wọ́n dé ní fìlà tó ní ojú 256, èyí tó ń gbọ́ bí iná inú ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀, ẹ̀ka ọpọlọ wọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lọ. Kálámù ẹ̀rọ ni wọ́n lò, ojú gíláàsì ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ìwé tàbí gíláàsì, inú bí ọwọ́ ṣe ń rìn ló wà. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní 2014 tó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọwọ́ kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀ máa ń lóye rẹ̀ ju ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní 2019, èsì náà kò lágbára tó ti àkọ́kọ́. N kò ní torí pé ohun kan kò gbè mí lẹ́yìn kí n bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ àgbàlagbà, a ṣì lè máa jiyàn. Lọ́dọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà, iyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èdè wa. Ọmọkùnrin kan fi fóònù ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó pé bàbá ti ra kiní kan. Lẹ́tà mẹ́ta ló tẹ̀ fún orúkọ kiní náà: O, K, O, láìsí àmì kankan. Ẹ fetí sí mi dáadáa, nítorí orí rédíò ni a wà, etí yín yóò gbọ́ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n kò rí. Bàbá ti ra oko. Bàbá ti ra ọkọ́. Bàbá ti ra ọkọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo sọ yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, tọ́rọ́-kọ́bọ̀ ni lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Òmíràn, owó tó lè ta gbogbo ìdílé sí gbèsè ni. Ẹ̀gbọ́n ní láti pe ilé kó tó mọ̀ pé ọkọ́ ni.

Mi ò sọ pé fóònù kò lè kọ àmì. Bọ́tìnnì Yorùbá wà tí èèyàn lè tò sórí rẹ̀, mo sì ń rọ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tò fún. Ọmọ tó fẹ́ kọ “ọ̀” kan ṣoṣo lórí rẹ̀ yóò tẹ ibìkan pẹ́, yóò máa wá èyí tó ní àmì lábẹ́, yóò máa wá èyí tó ní àmì lórí, kò sì ní rí èyí tó ní méjèèjì pọ̀. Yóò bá fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kan kọ́, ọjọ́ méjì kọ́. Nígbà tó bá fi pé ọdún mẹ́ta tó ti ń fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní wá àmì mọ́. Ẹ wá fún ọmọ yẹn ní báírò. Ọwọ́ rẹ̀ yóò ya “o”, yóò fi àmì sí i nísàlẹ̀, yóò fà á lórí, ó tán. Gbogbo àmì tí èdè Yorùbá ní wà nínú báírò kan, kò sẹ́ni tó ní láti tò ó síbẹ̀.

Àwọn àgbà ṣe wàhálà lórí àwọn àmì yìí. Ní ọdún 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ odindi ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ilé ìwé wa ń lò di òní, èyí tó sọ “aiye” di “ayé”, tó sọ “enia” di “ènìyàn”. Ohun tí wọ́n fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tò, kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí pé bọ́tìnnì kò sí nítòsí. Orúkọ ìlú wa gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ Ìbàràpá, tó rí Igbó-Ọrà lójú ìwé láìsí àmì, lè rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò ló wà.

Ìlú yẹn sì jẹ báírò ní gbèsè. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì. Báwo ni ayé ṣe mọ̀? Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ìlera wá sí Ìbàràpá, tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ń wá gbé láàárín wa ní Igbó-Ọrà. Dókítà Patrick Nylander wá ń ka ìbí ìbejì. Iye tó jáde, tí wọ́n ń tọ́ka sí títí dòní, jẹ́ bí 45 sí 50 ìbejì nínú 1,000 ìbí. Kò sí kọ̀ǹpútà ní yàrá ìgbẹ̀bí láyé ìgbà yẹn. Nọ́ọ̀sì tí kò tíì sùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí tán, ló jókòó sídìí iná àtùpà tó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ ìyá, akọ, abo, méjì. Ká ní ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé kà ni, kò sí bí ẹni tó wá kà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún ì bá ṣe mọ ohun tó kọ.

Èyí kan àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tòní náà. Orúkọ oògùn tí ẹni tó ń ta oògùn kò lè kà dáadáa, ewu ni.

Ẹ̀yin ará Èrúwà kò ní gbàgbé Dókítà Awójobí, oníṣẹ́ abẹ tó wá sí Èrúwà ní àwọn ọdún 1980, tó sì wà níbẹ̀ títí ó fi dolóògbé ní 2015. Nígbà tí iná kò dúró, ó fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Dókítà yìí kò kórìíra ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ohun tó ṣe ni pé ó fi èyí tí kò nílò iná sí ìtòsí, kí aláìsàn má bàa kú nítorí iná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń wo báírò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jáde sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe é bọ̀ láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá nìyẹn, tó ní ẹ̀ńjìnnì àti àwọn onímọ̀. Ilé ìwé tó wà ní abà lẹ́yìn Tápà ńkọ́? Ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó lè fi sọ tinú rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kú.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ sọ̀rọ̀ báyìí, kì í sì í ṣe láti bá yín wí. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, olùkọ́ wa máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rúlà gbá oríkèé ìka mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi òsì mú pẹ́ńsù. Ó ní àìmọ̀wàáhù ni. Mo kọ́ bí mo ṣe ń fi ọ̀tún kọ̀wé, mo sì kọ́ bí mo ṣe ń kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú. Ó tó ọdún mẹ́rin kí n tó kọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Júwe ni wọ́n sọ. Wọn kò sọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Ọmọ tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ jẹ́ kó fi òsì kọ̀wé. Ẹ kàn bá a yí ìwé rẹ̀ díẹ̀ kí orí rẹ̀ kọjú sápá ọ̀tún, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa máa nu ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ọmọ tí àìsàn tàbí àbùkù ara kò jẹ́ kó lè di pẹ́ńsù mú, ẹ fún un ní ẹ̀rọ bí ẹ bá rí i, ẹ sì dúpẹ́ pé ẹ̀rọ wà. N kò rò pé ọwọ́ tó rẹwà ni àmì ọpọlọ pípé. Mo mọ ọmọ tó kọ̀wé bí ẹni fọ́n èkùrọ́ sílẹ̀, tó sì gbọ́n ju gbogbo kíláàsì lọ. Ohun tí a ń wá ni ọwọ́ tó ṣeé kà, tí kì í sì í rẹ ọmọ kó tó sọ tinú rẹ̀ tán.

Nítorí náà n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí lẹ́tà tí a so pọ̀. Bí ọmọ bá dé kíláàsì kẹrin tó fẹ́ so ó, ẹ kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Bí ìwé onílà méjì bá wọ́n, iyanrìn kò wọ́n ní Ìbàràpá: ẹ da á sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ọmọ fi ìka ya lẹ́tà sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ Yorùbá tán kí wọ́n tó padà lọ fi àmì sí i. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí àmì rẹ̀ máa wọlé. Ẹ̀yin tó sì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Láńlátẹ̀, ojú pátákó yín ni ìwé tí ọmọ kọ́kọ́ ń dà kọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe kọ ọ́.

Ìyá mi kò lọ sílé ìwé. Gàrí ló ń tà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yá a lówó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, akọ̀wé ẹgbẹ́ á gbé tàdáwà wá, á mú àtàǹpàkò rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé bí ẹni ń lu òǹtẹ̀. Ìyá mi á wá fi ìka náà nu irun orí rẹ̀, lábẹ́ gèlè, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Nígbà tó lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, ó lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan, ó ń fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná títí ògiri fi dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n tún gbé tàdáwà wá bá a, ó ní kí wọ́n gbé báírò wá. Ó kọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́. Lẹ́tà kan kọ ẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kó kọjú sí, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo ti wo ìwé yẹn. Orúkọ rẹ̀ wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ti tẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì fi dá a mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi lálẹ́ òní. Ẹ fún ọmọ yín ní ìwé kan àti báírò kan. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó. Kó sọ ohun tó jẹ lónìí, kó sọ bóyá òjò rọ̀. Kó fi àmì sí i. Ẹ má ṣe dá a dúró láti tún un ṣe kó tó parí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá yín mú un lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́. Ẹ kàn rí i dájú pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.